Ìwọ Tí O Mọ̀wé Tí O Bá Mi Kọ́ A, B, D

Yéè! Ìyá Bọ́lá, ṣé báyìí la ṣe máa ń lọ? Kí n tó sọ ohun tó wà nínú mi, jẹ́ kí n ròyìn ilé fún ọ, nítorí ìwọ kì í fẹ́ kí ìròyìn kan fò ọ́ kọjá. Ìyàwó Délé ọmọ rẹ ti bí obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí o lọ. Wọ́n ní Yétúndé ni. Mo yẹ ojú rẹ̀ wò dáadáa, imú rẹ ni. Tósìn ọmọ onílé wa ti ṣe ìgbéyàwó. Wọ́n fi àga kan sílẹ̀ fún ọ níwájú, kò sì sẹ́ni tó láyà láti jókòó lé e. Sùlíyá, ọmọ fókánáísà ẹ̀gbẹ́ títì, ti rí ìwé ìgbàwọlé sí yunifásítì. Òun ni àkọ́kọ́ nílé wọn. Ìwọ lo máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní owó bírò ní àdúgbò wa. O máa ń sọ pé ẹni tí kò rí aṣíwájú nílé, kó má tún lọ máa yá bírò lóde. Ta ni yóò fún Sùlíyá báyìí?

Ìròyìn tán. Ó wá kan ọ̀rọ̀ tèmi. Ìyá Bọ́lá, n kò mọ̀ bóyá kí n sunkún rẹ ni tàbí kí n bá ọ jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, èmi ni Ìyá Gbénga tó ń ta ọṣẹ àti kànìnkànìn níwájú ilé wa. Ọdún méjìlá ni yàrá èmi àti Ìyá Bọ́lá fi kọjú síra. Bisikíìtì ló ń dì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Agbára. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ń gbé e ní ìdájí, kò sì sí ọjọ́ tí kì í kan ilẹ̀kùn mi kó tó jáde: "Ìyá Gbénga, o ṣì wà láyé?" Èmi náà a ní, "Mo wà, máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ jàre, aláriwo."

Ọmọ ọmọ mi, Ìbùkún, ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọ yunifásítì nínú ìran wa. Lọ́jọ́ tí ìwé ìgbàwọlé rẹ̀ jáde, ó wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi àtìwọ la lọ gbà á lọ́wọ́ oníkọ̀ǹpútà ní Ìyànà Ìyẹsí. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà, ó kàn na ìwé sí wa ni. Mo ní ká gbé e délé kí ẹnìkan bá wa kà á. Ìwọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, o pariwo, "Ó wọlé! Ìyá Gbénga, ó wọlé!" O bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín àwọn ọlọ́kadà. Mo bi ọ́ pé ta ló sọ fún ọ. O ní, "Ẹ̀mí ni." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ jẹ́rìí sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Oṣù mẹ́ta kò pé tí Ìbùkún fi pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún. Ó ní gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ní kíláàsì, àfi bí ẹni pé àwọn yòókù ti gbọ́ ọ rí nílé bàbá wọn. Òun nìkan ni kò rí ẹni bi. Ó ní òun ń padà bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Agbára. Kí ni kí n sọ, èmi tí n kò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àga? Ìwọ gba fóònù lọ́wọ́ mi. O ní, "Ìbùkún, gbọ́. Bí ìyá àgbà rẹ bá wọ kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà lọ́jọ́ Ajé, ṣé wàá dúró?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín nínú ẹkún, ó ní òun á dúró. Ta ló bi èmi?

Mo ní ojú á tì mí. O ní, "Ojú á ti àwa méjèèjì. Èmi náà ò mọ nǹkan kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Ọdún mẹ́ta la fi jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nírọ̀lẹ́, tí orúnkún wa ń kan tábìlì àwọn ọmọdé. Bí mo bá kọ b kọjú sódì, tìrẹ náà á kọjú sódì. Tíṣà ń pè wá ní ìbejì. Bí ọ̀rọ̀ bá rú mi lójú tí ẹnu mi sì wúwo, ìwọ ti nawọ́: "Tíṣà, orí tèmi ti gbó o, ẹ dákun, ẹ tún un sọ." Èmi a wá máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ bí a bá ń lọ sílé: "Olódo, ọpẹ́lọpẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ." Ìyá Bọ́lá, mo pè ọ́ ní olódo!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bọ́lá ní kí n wá bá òun yan aṣọ tí wọn yóò wọ̀ fún ọ. A ṣí àpótí rẹ. Ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá ló wà lórí Bíbélì, orúkọ rẹ hàn gàdàgbà lára rẹ̀. Mo kà á fúnra mi. Mo tún un kà, mo rò pé ojú mi ni. Mo bi Bọ́lá pé ta ló ni ín. Ó ní, "Màmá wa ni. Wọ́n ní bí mo bá fi lè sọ fún yín, ẹ ò ní padà sí kíláàsì mọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ta ni o ń sá fún láti ọdún méjìlá? Ṣé ojú ló ń tì ọ́ pé ẹni tó ní ìwé mẹ́wàá ń di bisikíìtì? Àbí o kàn ń wo ọjọ́ tí màá nílò òpè ẹlẹgbẹ́ mi? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi fi ọgbọ́n tèmi pe àgbà ní olódo. Inú bí mi. Mo rẹ́rìn-ín. Inú tún bí mi.

Mo pe Ìbùkún kí n fẹjọ́ rẹ sùn. Ó ní òun ń bọ̀ nílé. Ìgbà tó délé, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ní kí n kà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ ni, ti ọdún mẹ́ta. Mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ìbùkún, má sá wálé. Ìyá àgbà rẹ kọ orúkọ ara rẹ̀ lónìí, ó wá ń ṣe bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan." Òmíràn tún wà: "Ó ka orúkọ ìlú Sángó lára bọ́ọ̀sì. Ìwọ náà, bi olùkọ́ rẹ ní ìbéèrè kan lónìí."

Bẹ́ẹ̀, ní gbogbo ìgbà yẹn, ìwọ lo máa ń kan ilẹ̀kùn mi láti sọ pé Ìbùkún ti yege, kí n má pa kíláàsì jẹ. Bí o ṣe ń mọ̀ ṣáájú mi, mo tún ní Ẹ̀mí ni.

Ìbùkún ti wà ní ọdún ìkẹyìn báyìí. Kò sá wálé. Èmi ni mo fẹ́ sá. Bẹ́ńṣì yẹn gùn jù fún ènìyàn kan, n kò sì tíì nawọ́ bi Tíṣà ní nǹkan rí láyé mi, ìwọ lo ń bá mi nà á. Síbẹ̀, màá lọ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wà lẹ́yìn kíláàsì, kì í la ẹnu. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni màá jókòó sí. Màá nawọ́, màá ní orí tèmi ti gbó, kí Tíṣà tún un sọ. Tèmi kì í tilẹ̀ ṣe irọ́.

Sùn re, olódo mi tó gbọ́n jù mí lọ. Sùn re, ọ̀rẹ́ tí kò jẹ́ kí ojú tì mí ní èmi nìkan. Ìdájí kan, bí a bá tún pàdé, èmi ni màá kan ilẹ̀kùn rẹ, wàá sì ṣàlàyé ara rẹ fún mi. Ní ti owó bírò Sùlíyá, má da ara rẹ láàmú. Mo ti fi í lé Bọ́lá lọ́wọ́ nínú àpò ìwé tí èmi fúnra mi kọ orúkọ ọmọ náà sí: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.