Àwa Méjìlá Tí Ògúnjìmí Kó Wọ Ẹgbẹ́

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Veddel, ní Hamburg, tó ń ti fíríìjì àlòkù lórí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, tó ń làágùn, tó sì ń bá ara rẹ̀ jà, Bọ̀dá Ògúnjìmí nìyẹn. Ẹ má káàánú rẹ̀. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, àwa mọ́kànlá sì ràn án lọ́wọ́.

Ṣọ́ọ̀bù irun mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣe tí mi ò mọ̀. Ó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó: mátírẹ́ẹ̀sì, fíríìjì, ẹ̀yà ara mọ́tò. Lọ́jọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù á wá láti Billbrook, á dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á sì kó ẹrù sí i. Ibi ìdúró yẹn ni ẹ̀mí iṣẹ́ rẹ̀. Kreuzberg ní Berlin ló wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n to ìkòkò òdòdó síwájú ilé níbẹ̀, ọkọ̀ ò ríbi dúró mọ́, ló bá kó wá sí Hamburg.

Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa níbí, àfi Frau Margaret. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, òdìkejì títì ló ń gbé, ó sì fẹ́ kí wọ́n gbin igi síbi tí ọkọ̀ Bọ̀dá ń dúró gan-an. Ó fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ àdúgbò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ dìbò abẹ́lé, kí wọ́n mú ọ̀kan nínú òun àti Maximilian, ọmọ yunifásítì kan tí kò bìkítà fún igi, tí kò sì bìkítà fún ohun mìíràn.

Inú ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn ni Bọ̀dá ti wà láti ọdún mọ́kànlá. Ó pe àwa mọ́kànlá tó ní pásípọ́ọ̀tù Jámánì sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Èèyàn mẹ́wàá péré ni ẹgbẹ́ Margaret yìí ní ládùúgbò," ó ní. "Àwa, méjìlá. A máa decamp. A máa dìbò fún Maximilian. Tó bá ti wọlé tán, kálukú á padà síbi tó ti wá. Simple."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan," ni Mọ́nsúrù télọ̀ wí.

"Ìwọ náà decamp."

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ wọ ẹgbẹ́, Bọ̀dá wọ agbádá. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìkíni ojú ewé mẹ́rin, ó sì ń retí kámẹ́rà, bíi ti ilé, tí wọ́n máa ń fi ariwo gba ẹni tó yí ẹgbẹ́ padà. Elias, alága wọn, fi akoto kẹ̀kẹ́ sórí wọlé. Ó kí wa ní "Moin", ó ní orí fóònù ni Formular, ìwé ìforúkọsílẹ̀, wà. Ọ̀rọ̀ ìkíni parí síbẹ̀. Fìyìnfólúwa, ọmọ Bọ̀dá tó wà ní Kreuzberg, ló bá a kọ ọ́ lórí fóònù.

"Papa, das ist doch peinlich," ọmọ náà wí, ìyẹn ni pé ohun ìtìjú ni.

Bàbá ní kó kọ nǹkan tí òun ní kó kọ.

Òfin wọn ni pé ọmọ ẹgbẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́ta kó tó dìbò. Oṣù mẹ́ta yẹn ló bà wá jẹ́. Margaret ń ṣe Kuchen, kéèkì ilé wọn, wá sí ìpàdé, ó sì kọ́ orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi pè é dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá mọ̀ nípa àwọn lẹ́tà wa. Kò sẹ́ni tí kò ní ọ̀rá kan nílé nínú wa, tó kún fún lẹ́tà Jámánì tí à ń bẹ̀rù láti ṣí. Mọ́nsúrù kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ lọ. Margaret bá a kà á, ó bá a fèsì, ọmọ Mọ́nsúrù sì rí àyè ní Kita, ilé ìtọ́jú ọmọdé. Èmi náà gbé tèmi lọ. Ọdún méjì ni àjà ṣọ́ọ̀bù mi fi ń jò; obìnrin náà kọ ìlà méjì sí onílé, onílé gbé àkàbà wá lọ́sẹ̀ kejì.

"Ẹ jẹ Kuchen rẹ̀ o," Bọ̀dá máa ń kìlọ̀, "ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tó gbé wa débẹ̀."

Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Lọ́jọ́ ìbò, mo wo ìwé náà, mo rántí àjà mi, mo sì fa ìlà fún Margaret. Mo ti ṣírò rẹ̀: bí èmi nìkan bá yà, Maximilian ṣì máa wọlé.

Elias ka èsì. Margaret, mọ́kànlélógún. Maximilian, ọ̀kan.

Bọ̀dá fò dìde. "Ọ̀dàlẹ̀! Ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo yín! Oyèníkẹ́, ìwọ náà!" Èmi ló nàka sí. Ó wá yí sí èdè Jámánì kí gbogbo ilé lè gbọ́: ìbò kan ṣoṣo yẹn, tòun ni, òun nìkan ló dúró lórí ọ̀rọ̀ òun.

Maximilian rọra nawọ́. Ó ní ẹ jọ̀wọ́, òun lòun ni ín. Òun dìbò fún ara òun.

Gbogbo wa wo Bọ̀dá. Mọ́nsúrù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Níta ni a ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́nu rẹ̀. Ọ́fíìsì ìfẹ̀yìntì ló ní kó mú ẹ̀rí iṣẹ́ ọdún mẹ́fà tó ṣe ní Billbrook wá kí wọ́n tó kà á mọ́ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Margaret bá a lọ sí ọ́fíìsì. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé obìnrin náà kí a má baà rí i.

"Nígbà tí mo mú bírò," ó ní, "ọwọ́ mi kọ̀."

Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Ọwọ́ tèmi náà kọ̀, ṣùgbọ́n èmi ò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀dàlẹ̀.

Margaret wọ ìgbìmọ̀, ó sì ṣe ohun tó lóun máa ṣe. Wọ́n ti ri pátákó mọ́lẹ̀ pé ọkọ̀ ò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀ mọ́. Igi ń bọ̀. Ìsàlẹ̀ òpópónà ni ọkọ̀ Billbrook ń dúró báyìí. Ẹgbẹ́ tí Bọ̀dá fi sílẹ̀ ò dá lẹ́tà ìpadàbọ̀ rẹ̀ lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé dé láti ìgbìmọ̀: ẹni tí ọ̀rọ̀ igi ò bá tẹ́ lọ́rùn lè kọ Widerspruch, ìyẹn lẹ́tà àtakò, láàárín oṣù kan. Bọ̀dá dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ó ní kí n bá òun wo ẹrù òun, ó sì sọdá títì lọ kanlẹ̀kùn Margaret.

Margaret ló bá a kọ ọ́. Ojú ewé méjì ni, kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Margaret náà ló máa kà á nígbìmọ̀, òun náà ló sì máa dìbò pé kí wọ́n dà á nù.