Ẹ̀ẹ̀kan Péré Ni Kó O Tẹ̀ Ẹ́

Ìyá Ìṣirò ni gbogbo ilé-ìwé ń pe obìnrin náà. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tí ṣọ́ọ̀kì wà lára aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, òun náà nìyẹn. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ kú, òun ló gba ọmọbìnrin tó fi sílẹ̀ tọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wu ọmọ yìí, ṣùgbọ́n ìṣirò ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò àṣekágbá. Bó bá tún ṣubú, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ò ní gbà á mọ́.

Ọdún yẹn ni wọ́n kó kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ wọ kíláàsì tí Ìyá Ìṣirò ti ń kọ́ ọmọ yìí àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè á yọ, ìdáhùn mẹ́rin á tẹ̀ lé e, ọmọ á tẹ ọ̀kan. Bó bá gbà á, àwọ̀ ewé á tàn. Bó bá ṣì í, pupa. Kíá ni máàkì bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Ọmọ wa yìí ló ṣíwájú, ìka rẹ̀ sì yá débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Kíákíá. Ọ̀gá ilé-ìwé lẹ máàkì wọn mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà kí àlejò lè rí i. Inú Ìyá Ìṣirò náà dùn, ẹ má jẹ́ n parọ́ mọ́ ọn.

Ní Sátidé kan, ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó na ìgò oògùn sí ọmọ náà.

"Síbí ọgbọ̀n ló wà níbẹ̀. Méjì láàárọ̀, kan lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. Ọjọ́ mélòó ni mo máa fi lò ó tán?"

"Ọjọ́ mẹ́wàá." Kíákíá wo ojú rẹ̀. "Ṣé mẹ́jọ ni? Àbí márùn-ún?"

Ìgbà yẹn ló yé Ìyá Ìṣirò. Ojú òun ni ọmọ yìí ń wò, ó ń retí kí àwọ̀ ewé tàn níbẹ̀!

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é ní kíláàsì?"

"Màámi, gbogbo wa ni. Tá a bá ṣì í, ẹ̀rọ á ní ká tún un ṣe. A ṣáà ń tẹ̀ ẹ́ títí á fi gbà ni."

A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbẹ́dìẹ. Nọ́ọ̀sì tó ń méfò oògùn, ta ló fẹ́ gbé aláìsàn rẹ̀ fún un?

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Ìṣirò gbé òfin tuntun kalẹ̀. Kí ìka tó kan ẹ̀rọ, kí ọmọ ti ṣe ìṣirò náà sórí ìwé, kó sì ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ títí tìyẹn á fi lóye. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó tẹ̀ ẹ́. Tó bá pọ́n, kó padà sórí ìwé lọ wá ibi tó ti ṣì í. Kò lé ẹ̀rọ jáde o. Ẹ̀rọ náà gan-an ló fi ń mọ ìbéèrè tó ń ṣe wọ́n léṣe, kó tó wọ kíláàsì láàárọ̀.

Ni máàkì bá já wálẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá wa," ni ọ̀gá pariwo, "ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fi ògiri mi ṣe!"

"Ọ̀gá, ògiri kọ́ ló máa ṣe ìdánwò."

Àwọn òbí wá, wọ́n bínú, ó gbọ́ tiwọn tán, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹkún Kíákíá ló dùn ún jù. "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kí n tún ṣubú ni?" Obìnrin náà ò yí padà. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà, ṣùgbọ́n èyí ò gba àtúntẹ̀. Bó o bá ti tẹ̀ ẹ́, ó parí nìyẹn. Àwọn kan bú sẹ́kún níbẹ̀. Kíákíá ló jáde kẹ́yìn, yíǹkì bíírò kún ọwọ́ rẹ̀.

Èsì dé, ó yege. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó bá Ìyá Ìṣirò tó ń wúkọ́ lórí àga, ìgò tuntun lọ́wọ́.

"Síbí ọgbọ̀n ni. Bíi ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ní kí n ṣe máa lò ó. Ọjọ́ mélòó?"

Ọmọ náà ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ka ara ìgò, ó wá bíírò, ó kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Mẹ́fà, Màámi. Ó yá, ẹ lanu."