Orúkọ Mi Létí Fèrèsé Géèmù

Téèpù télọ̀ kì í kúrò lọ́rùn ọ̀gá tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù kọ̀ǹpútà n'Íkọ̀tún. Òun ló fi ń wọn ojú kọ̀ǹpútà, kí fèrèsé géèmù wa má bàa gbà á tán. "Kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà ni jàre," á ní, "àlejò ni wá."

Ọdún kan gbáko la jọ fi ṣe ọ̀kan. Orúkọ àwa méjèèjì wà létí òkè fèrèsé rẹ̀. Lọ́jọ́ táwọn tó fẹ́ rà á dé, ọ̀gá yọ etí náà dànù, ó mú kí fèrèsé náà fẹ̀ kún ojú kọ̀ǹpútà bámú. Orúkọ wa pòórá. Ó wá sọ fún wọn pé, "Èmi nìkan ni mo ṣe é."

Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ńkọ́?"

Kò wojú mi. Ó ń ká téèpù rẹ̀ bọ àpò.

Àṣé èmi gan-an ni àlejò tó ń wí látọjọ́ yìí.