Rísíkàt Amọ̀kòkò àti Ọ̀rọ̀ Báíwíìkìlì

Òkè Lélé ní Ìlọrin ni wọ́n bí Rísíkàt sí, láàárín àwọn obìnrin tí amọ̀ kì í tán léèékánná wọn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ awakọ̀ sí Àbújá, ó bá a lọ, wọ́n sì gba ilé sí Ushafa. Àwọn obìnrin Ushafa náà ń mọ ìkòkò, nítorí náà kò pẹ́ tí òun pẹ̀lú fi rí ibi jókòó sí. Wọ́n á kí i ní "sànnu", á dá wọn lóhùn ní "yauwa", iṣẹ́ á sì máa lọ.

Ní ọdún tó kọjá, obìnrin ará Kàbbà kan tó ń jẹ́ Èyítáyọ̀ ṣí ilé oúnjẹ sí Galadimawa. Ó rí ìṣaasùn kékeré tí Rísíkàt ń mọ, ó ní irú rẹ̀ lòun fẹ́ máa bu ọbẹ̀ ẹja sí fún oníbàárà, kí wọ́n máa gbé ìṣaasùn tọbẹ̀tọbẹ̀ lọ sílé. Yorùbá ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí ẹrù yóò máa dé nìkan ló kù, èyí sì ni Èyítáyọ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù: kí wọ́n máa kó o wá báíwíìkìlì, bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́ńdè.

Shakirah, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé gírámà, ló kà á fún un.

"Kí ló ń jẹ́ báíwíìkìlì?"

"Màámi, ẹ ò rí báísíkù, táyà méjì ló ní. Báì ni méjì, wíìkì ni ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni."

Amọ̀ kì í gbọ́ ti ìkánjú. Bí wọ́n bá mọ ọ́n tán, abẹ́ òjìji ló ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀; bí omi bá ṣẹ́kù sí i nínú, iná á fọ́ ọ yángá. Láti kékeré ló ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó ní, "A ó ṣe é."

Ó sì gbìyànjú. Ti Mọ́ńdè dé Galadimawa láìsí wàhálà. Ti Àlàmísì ni kò gbẹ. Ó gbé e sóòrùn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, nígbà tí kò rọ́gbọ́n dá mọ́, ó fi iná sí i bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù nínú iná. Ó sáré mú igi láti fi yọ àwọn tó kù, ni àfọ́kù gbígbóná kan bá ta lù ú lápá, awọ sì bó.

"Kai! Fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀," ni Nafisah, ẹni tí wọ́n jọ ń mọ ìkòkò, wí.

"Mo ti fẹnu ara mi sọ pé mo máa ṣe é." Ó fi aṣọ di apá, ó ṣa àwọn tó yè, ó wọkọ̀.

Ẹnu ya Èyítáyọ̀ nígbà tó rí i lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Shakirah, ẹ tún ti dé? Ṣé kò sí o?"

"Ẹrù Àlàmísì ni, màdáámù. Kò pé. Ẹ má bínú, mo máa kó ìyókù wá."

"Tọ́sìdeè kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ní lọ́kàn!" Ìgbà náà ló rí apá rẹ̀. Ó yọ fóònù, ó wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó kà á, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Àṣé méjèèjì ló ń jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí ló dé tí ẹ ò pè mí kí ẹ bi mí?"

Rísíkàt kó ìṣaasùn sílẹ̀, ó dágbére. Inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé ló ti dá ara rẹ̀ lóhùn: ojú ló ń tì í láti béèrè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ẹni tó kéré sí i. Ó wo apá rẹ̀. Ó ní kò tún ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́ láé.

Ní Sátidé, ó lọ sílé ìwé tí àwọn àgbà ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Bwari. "Ẹ kọ́ mi lóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́," ó sọ fún Akínjídé olùkọ́, "ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ka àsìkò."

Akínjídé bẹ̀rẹ̀ látorí "fọ́tínáìtì". Rísíkàt ní ogójì òru ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kò jókòó. Ó bi olùkọ́ títí ó fi yé e pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. "Ó fẹ́ jọ ìtàdógún tiwa," ó ní, "tiwa ló gùn díẹ̀." Ó béèrè dẹ́kéèdì, ọdún mẹ́wàá; ó béèrè kọ́tà, oṣù mẹ́ta. Nígbà tó kan "súùn", ìyẹn láìpẹ́, Akínjídé fúnra rẹ̀ káwọ́ lórí. "Ìyẹn ò níye, mà. Ẹni tó bá sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ bi."

Láti ọjọ́ náà, ó ń bi wọ́n.

Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, Diméjì, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì kan, pè é. Ìkòkò òdòdó ló ń fẹ́, ó ní kó dé ní ìparí oṣù. Gẹ̀ẹ́sì ni Rísíkàt fi bi í pé ọjọ́ wo gan-an. Diméjì rẹ́rìn-ín, ó ní ìparí oṣù náà ni. Ó tún un bi. Diméjì wá dárúkọ ọjọ́ kan.

Rísíkàt gbójú sókè wo ìkùukùu. "Kò ní gbẹ nígbà yẹn, sà. Ẹ fún mi di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e."

Diméjì ní ó dáa. Rísíkàt gbé fóònù sílẹ̀, ó pe Nafisah pé kó wá bá òun gbé amọ̀ wọlé kí òjò tó dé.