Èmi Ni Mo Mú Kámẹ́rà Dání

Ìyá ọkọ mi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn fúláàtì wa ní Yarnton Way, nílùú òyìnbó níbí. Ó ní, "O fẹ́ gbé ọmọ ọwọ́ lọ sétí òkun nínú òtútù yìí? Torí fọ́tò?"

"Ẹ má bínú, Mummy. Torí fọ́tò ni."

Ọmú nìkan ni ọmọ náà ń mu. Bí mo bá fi í sílé, èmi náà ò lọ nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti bí i, gbogbo ibi tí mo bá dé, "ìyá ọmọ" ni wọ́n ń pè mí. Mi ò kọ̀ ọ́, mo fẹ́ràn ọmọ mi ju ẹ̀mí mi lọ. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ ayafọ́tò wa ní Woolwich, ayafọ́tò ni mo fẹ́ jẹ́. Olúkúlùkù ló máa mú fọ́tò kan péré bọ̀ láti etí òkun, ọ̀gá ẹgbẹ́ á wá mú èyí tó wù ú, á gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn. Tèmi ò tíì débẹ̀ rí.

Bọ́ọ̀sì kékeré kan kó wa ní Harrow Manorway. Yorùbá méjì ló wà níbẹ̀: èmi, àti Auntie kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìjẹ̀bú tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Mi ò tíì jókòó tán tó fi ní, "Kámẹ́rà ti ọmọ yìí náà dà?"

Òkúta wẹ́wẹ́ ni gbogbo etí òkun ọ̀hún. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ò lè yí lórí ẹ̀, mi ò sì gbé e wá. Mo pọn ọmọ, mo fi ọ̀já gbà á, mo wá wọ jákẹ́ẹ̀tì ọkọ mi lé àwa méjèèjì. Ọ̀gá ẹgbẹ́, òyìnbó àgbàlagbà kan tí ohùn ẹ̀ tutù, ní kí n lọ jókòó nílé tíì, pé àwọn máa fi fọ́tò àwọn hàn mí. Àánú ló rò pé òun ń ṣe mí. Mo dúpẹ́, mo kọrí sí omi.

Kò pẹ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀. Mo fà sẹ́yìn kúrò létí omi, mo ṣe ohun tí gbogbo abiyamọ Yorùbá máa ń ṣe. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn mi fi tẹ́ bí tábìlì, mo tú ọ̀já, mo tú ìró. Ọmọ sùn gbalaja lẹ́yìn mi, kò sẹ́ni tó dì í mú. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ pariwo. Ọkùnrin kan sáré wá, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo sún ọmọ sókè, mo tún un pọ̀n.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo gbójú sókè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ ló ti kẹ̀yìn sí òkun, wọ́n kọjú kámẹ́rà sí mi.

"Ó dára gan-an," ni ọ̀gá wí. "Jọ̀ọ́, tún un tú. Rọra ṣe é."

Auntie ní, "Dá wọn lóhùn jàre, ìyá ọmọ. Ìwọ lo máa wà lára ògiri báyìí!"

"Auntie, orúkọ mi ni mo fẹ́ kó wà lábẹ́ fọ́tò. Kì í ṣe ẹ̀yìn mi nínú fọ́tò."

"Háà! O lágídí o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo sọ fún ọ̀gá lédè Gẹ̀ẹ́sì pé rárá, mi ò wá ṣe ìran. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní kò sóhun tó dára tó ìyẹn létí òkun lónìí. Òótọ́ ni, mo sì mọ̀. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ni mo bá gbé kámẹ́rà tèmi. Wọ́n tò síwájú òkun láìmọ̀, fìlà òtútù, ẹ̀wù nínípọn, kámẹ́rà níbi tó yẹ kí ojú èèyàn wà. Ọkùnrin yẹn ṣì nawọ́ síta. Auntie ò bojú ní tiẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo yà wọ́n.

Nígbà tá a tún pàdé ní Woolwich, ọ̀gá fi tiẹ̀ hàn mí: ẹ̀yìn mi, ọmọ mi tó ń sùn, òkúta lábẹ́ wa. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ó ní ṣé òun lè gbé e kọ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún mi, kí n gbé e kọ́ sílé mi," mo ní. "Níbí, tèmi ni kẹ́ ẹ gbé kọ́."

Mo na tèmi, èyí tí mo ti tẹ̀ sórí bébà, sí i. Ó wo fọ́tò mi títí, ó wo ara ẹ̀ nínú ẹ̀.

"Ṣé bí a ṣe rí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó na ìṣó sí mi. Fúnra mi ni mo kàn án mọ́ ògiri.