Ohun tí Leah Kò Kọ Sínú Nóòtù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Leah Akíntóyè fi ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì Ọ̀gá Adélaní ní Àkúrẹ́, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ọmọ Oǹdó ni, ilé olùkọ́ ni wọ́n bí i sí, ojú àlejò ló sì máa ń wò kó tó la ẹnu. Tó bá ti gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹni tí kì í jẹ ata, ẹni tí kì í sùn lókè, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, gbogbo wọn ló ń kọ sínú nóòtù kan tó ní ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé. Ìbànújẹ́ nìkan ni kì í kọ. Ó ní ọ̀fọ̀ èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń kọ sílẹ̀ fún ẹlòmíì láti kà. Orí rẹ̀ ló ń tọ́jú ìyẹn sí.

Nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì tuntun mẹ́ta ṣí lójú ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, àlejò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọ̀gá bá lọ mú agbaninímọ̀ràn kan wá, Ọ̀gbẹ́ni Silas, tó ń kọ́ àwọn oníṣòwò bí wọ́n ṣe ń fa oníbàárà àti irú òṣìṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n gbà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi jókòó ti Leah.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń mú àwọn èèyàn yìí padà wá?”

“À ń rántí wọn ni, ọmọ mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Leah kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbé nóòtù lé e lọ́wọ́, ó tún bu oúnjẹ fún un. Ó rò pé wọ́n fẹ́ tún ilé ṣe ni, òpònú obìnrin, kò mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ kó dànù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá pè é. Kò lè wo ojú rẹ̀.

“Mọ́mì Leah, wọ́n ní ọ̀dọ́ ló yẹ kó máa kí àlejò káàbọ̀. Ẹ má bínú.”

Bó ṣe ń jáde, wọ́n ń lẹ pátákó tuntun mọ́ ògiri: À Ń RÁNTÍ YÍN. Ó dúró kà á, ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Inú bí i débi pé ẹkún kò jáde.

Goodness ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ọmọ dáadáa ni, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti tẹ nóòtù Leah sínú kọ̀ǹpútà, kí ọmọ náà ṣáà máa kà á fún àlejò. Kò pẹ́ tí Bàbá Kìtán fi wọlé láti Oǹdó, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń wá tọ́jú ojú ní Àkúrẹ́, òtẹ́ẹ̀lì yìí ni wọ́n sì máa ń dé sí. Ìyàwó náà, Màmá Bùsáyọ̀, ti kú lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Leah sì lọ síbi ìsìnkú.

Goodness kúnlẹ̀ dáadáa, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ káàbọ̀, sà. Màmá Bùsáyọ̀ ńkọ́, sà? Ṣé wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn? A ti ṣe tíì wọn sílẹ̀, kò ní ṣúgà.”

Bàbá jókòó sórí báàgì rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó bú sẹ́kún.

Ilé Leah ló gbà lọ láti ibẹ̀. Kò gba omi, kò jókòó.

“Leah, ìwọ tó o wà níbi tí a ti sin ín. O ò sọ fún wọn?”

Leah kúnlẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ dùn ún, ṣùgbọ́n èyí ló bà á nínú jẹ́ jù.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó ní Silas ti dámọ̀ràn pé kí Mọ́mì wá lọ́jọ́ kan péré, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tó kù nínú orí Mọ́mì nípa àwọn àlejò sílẹ̀, ẹni tó kú àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, kí irú rẹ̀ má wáyé mọ́.

Leah mú bébà, ó kọ ìlà kan, ó ya á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́:

“Leah Akíntóyè, ọdún mọ́kàndínlógún. Bí àlejò bá bèèrè rẹ̀, ẹ ní ẹ kò rántí rẹ̀.”

Kò yé Ọ̀gá rárá. Ó dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣé gan-an, mà,” ó sì ní kí Goodness tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.