Ọwọ́ Màmá Lórí Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn òróró olífì ni mo fi ń rántí yàrá ìtọ́jú yẹn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló wà, lẹ́yìn Àgọ́ Palace, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sí ní ṣíṣí nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, òórùn náà á sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú wa. Orí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ti ń wá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá fẹ́ lọ, kí a tó kúrò ní Ṣógúnlé, ìyá wa á da òróró àdúrà sí àtẹ́lẹwọ́, á fi pa á lórí láti iwájú dé ìpàkọ́, á máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lédè Èkìtì.

Ìwọ náà mọ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí tẹ́lẹ̀, ẹni tí aládùúgbò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Lọ́dún yẹn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gbé e mì. Kì í jẹun, kì í wẹ̀ àfi tí a bá bẹ̀ ẹ́, ó sì sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ò rí ìdí tí òun fi ń jí. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò jẹ́ kó dá wà nílé mọ́. Oògùn ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, kò gbé e dìde. Ni wọ́n bá júwe dókítà obìnrin kan fún wa, tó ń fi ẹ̀rọ kọ́ ọpọlọ láti tún ara rẹ̀ ṣe.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á dé fìlà oníwáyà fún ẹ̀gbọ́n mi, wáyà á máa gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń ṣe, kọ̀ǹpútà á sì fi hàn bíi bàlúùnù kan. Bí ọpọlọ bá ń jáde nínú ìbànújẹ́ rẹ̀, bàlúùnù á gòkè. Dókítà kì í sọ ohun tí èèyàn máa rò; aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò wá a rí. Àmọ́ bàlúùnù tiwa kàn ń gbọ̀n ṣáá ni. Lọ́jọ́ kan, dókítà ṣí fìlà náà, ó fọwọ́ kan irun, ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Mummy, òróró yìí ni kò jẹ́ kí wáyà gbọ́ nǹkan kan. Bó bá tún rí báyìí nígbà tí ẹ bá padà wá, a máa dáwọ́ dúró ni."

"Òróró àdúrà ni, dókítà. Kì í ṣe òróró dòdò."

"Mo mọ̀, mà. Èmi náà ń gbàdúrà. Ẹ bá mi fi pa ẹsẹ̀ àǹtí."

Ẹsẹ̀ kẹ̀! Ìyá mi kùn títí a fi dé Ìsọlọ̀, pé ta ló ń fi orí sílẹ̀ tọ́jú ẹsẹ̀. Inú bí mi sí i, nítorí ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi là ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló tú irun náà, tó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lásán lé e lórí.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, bàlúùnù kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀. Ojú mi ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí dókítà mí kanlẹ̀. Ó ti ń gòkè, díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

"Kí lẹ ń rò, àǹtí?"

"Ọwọ́ Màmá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Lórí mi."

Ìyá mi yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó.

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni ara ẹ̀gbọ́n mi yá o, mi ò ní tàn ọ́. A lọ, a bọ̀, kò sì fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ó ti mọ ọ̀nà, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Èmi tí mo rò pé ìjà ẹ̀rọ àti òróró ni mò ń wò, mo wá rí i pé ọwọ́ tó ń pa òróró yẹn ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rọ ló kàn fi hàn wá.

Bí ọkàn rẹ̀ bá tún fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì báyìí, á gbé ọwọ́ lérí, á dijú. O mọ̀ pé wọn kì í káwọ́ lérí nílé wa. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní kékeré, ìyá mi á gbá ọwọ́ náà dànù, á ní ta ló kú. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tún ṣe é nídìí oúnjẹ. Ìyá mi rí i. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e lé ti ọmọ rẹ̀.